Bí a ṣe ń ka réṣíò, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ìdá

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n kọ́ òun ní ìṣirò réṣíò, yálà ọmọ tó ń múra ìdánwò ni o, tàbí àgbàlagbà tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín èrè òwò. Mo máa ń ní kó sọ fún mi pé, bí ènìyàn bá yọ ìdámẹ́wàá nínú owó tó wọlé fún un, kí ni réṣíò owó tó yọ sí èyí tó kù sí i lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn pé ọ̀kan sí mẹ́wàá ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó gba ₦50,000 tó yọ ₦5,000 sọ́tọ̀, ₦45,000 ló kù sí i lọ́wọ́, ₦5,000 lọ́nà mẹ́sàn-án ló sì wà nínú ₦45,000. Ọ̀kan sí mẹ́sàn-án ni ìdáhùn. Ìdámẹ́wàá ń sọ ohun tí apá kan jẹ́ nínú odindi. Réṣíò tí mo béèrè ń fi apá kan wé apá kejì. Ẹni tó bá ti rí ìyàtọ̀ yìí, tí kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun mọ́, ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Kí n tètè sọ ohun tí mo ń pè ní kí ni. "Ìdá" ni mo ń pe ohun tí a ń kọ bí 1/4 tàbí 3/5, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò nílé náà nìyẹn: ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ iye ọ̀nà tó dọ́gba tí a pín odindi sí, ti òkè sì ń sọ iye tí a mú nínú wọn. "Réṣíò" ni mo ń pe ohun tí a ń kọ bí 1:9 tàbí 1:2:4, bí àwọn olùkọ́ àti àwọn bíríkìlà ṣe ń pè é. Kókó méjì tó dúró láàárín nọ́ńbà ni a ń kà sí "sí", nítorí náà 1:2:4 ni "ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin".

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi wé ohun, kí ẹ má sì yí ètò wọn padà

Réṣíò tí kò ní orúkọ nǹkan lórí kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àsíá Nàìjíríà, tí Táíwò Akínkúnmi ya àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 1959 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, tí wọ́n sì ta sókè ní ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960. Ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba ló pín sí: àwọ̀ ewé lápá òsì, funfun láàárín, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Bí a bá fi àwọ̀ ewé wé funfun, 2:1 ni. Bí a bá fi funfun wé àwọ̀ ewé, ó di 1:2. Gíga àsíá náà sí gígùn rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ 1:2, èyí kò sì kan àwọ̀ rárá. Ẹ ò rí i pé 1:2 méjì ló wà lára aṣọ kan ṣoṣo, tí ohun tí ọ̀kan ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ sókè ná, "ewé : funfun", kó tó wá kọ "2 : 1" sí abẹ́ rẹ̀. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ èmi fúnra mi ṣì ń ṣe é títí di òní.

Àwọn ìgbà kan wà tí yíyí ètò padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì ìdánwò nìkan. Nínú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò nílé fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ṣíbí tíì mẹ́fà ni ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì ni iyọ̀, omi tó mọ́ sì jẹ́ lítà kan, orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "mẹ́fà sí ìdajì" tí kò fetí sí èwo ló ṣáájú, tó wá bu iyọ̀ síbi tó yẹ kó bu ṣúgà sí, ohun tó pò yẹn lè ṣe ọmọ náà léṣe gidigidi.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi ìwọ̀n kan náà wọn gbogbo rẹ̀

Kí a má tíì kúrò lórí omi yẹn. Ṣúgà sí iyọ̀ jẹ́ 6 sí ìdajì, èyí tí a lè kọ báyìí: 6 : 1/2. Ìdá wà nínú réṣíò, kò sì rọrùn láti kà. Bí a bá sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di ìlọ́po méjì, 12:1 ló máa dà, a sì lè sọ ọ́ lẹ́nu láìkọsẹ̀ pé ṣúgà jẹ́ ìlọ́po méjìlá iyọ̀. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ṣíbí ni a fi wọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ṣúgà sí omi ńkọ́? A kò lè kọ ọ́ ní 6:1, nítorí pé ṣíbí ni mẹ́fà ọ̀hún, lítà sì ni ọ̀kan. Ṣíbí tíì kan gba mìlílítà 5, lítà kan sì jẹ́ mìlílítà 1,000, nítorí náà 200 ṣíbí ló wà nínú lítà kan. Réṣíò ṣúgà sí omi wá jẹ́ 6:200, tí í ṣe 3:100.

Ẹni tó bá fẹ́ pò ó sínú omi ààbọ̀ lítà yóò mú ìdajì gbogbo rẹ̀: ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí. Lórí ìwé, ìṣirò náà pé. Nínú ilé ìdáná, ìdámẹ́rin ṣíbí iyọ̀ ṣòro láti wọ̀n kó má lé kó má dín, nítorí náà mo fara mọ́ pé kí ènìyàn pò lítà kan tó pé, kó sì da èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24 nù.

Dérícà àti kóńgò kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣẹ́jú àti wákàtí. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 2 kì í ṣe 45:2. 45:120 ni, bí a bá sì fi 15 pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó lè súnkì, ó di 3:8.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ro gbogbo apá pọ̀ kí ẹ tó pe ohunkóhun ní ìdá

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ibí náà sì ni èdè wa ti lè ràn wá lọ́wọ́ bí a bá fetí sí i. Nígbà tí a bá sọ pé "ìdá méjì nínú mẹ́ta", ọ̀rọ̀ náà "nínú" ń tọ́ka sí odindi tí apá náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé "méjì sí mẹ́ta", kò sí ẹni tó wà nínú ẹnì kan; apá méjì ló dúró tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣírò, ẹ bi ara yín pé: ṣé "nínú" ni mo gbọ́ ni, àbí "sí"?

Tó bá jẹ́ "sí" ni a gbọ́, tí a sì fẹ́ dé ibi "nínú", ohun tí a máa ṣe ni pé kí a ro àwọn nọ́ńbà réṣíò pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ni yóò wà nísàlẹ̀ ìdá, nọ́ńbà apá kọ̀ọ̀kan ni yóò sì wà lókè. Àwọ̀ ewé sí funfun lára àsíá jẹ́ 2:1. Méjì àti ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta. Nítorí náà àwọ̀ ewé jẹ́ 2/3 àsíá, funfun sì jẹ́ 1/3 rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, níbi tí réṣíò ti ń jáde lẹ́nu ènìyàn látàárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńkéré 1:2:4 ni èyí tí a fi sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì, àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin pò. Ọ̀kan àti méjì àti mẹ́rin jẹ́ méje. Sìmẹ́ńtì jẹ́ 1/7 gbogbo ohun tí a kó jọ, yanrìn jẹ́ 2/7, òkúta jẹ́ 4/7. Bí ẹ bá ro ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 7/7 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, èyí tí í ṣe odindi; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti wọlé níbì kan.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa pé sìmẹ́ńtì jẹ́ ìdámẹ́rin kọ́ńkéré 1:2:4, torí ó rí ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ó sì rí mẹ́rin lópin. Ìdámẹ́rin òkúta ni sìmẹ́ńtì, kì í ṣe ìdámẹ́rin kọ́ńkéré. Òtítọ́ ni pé a lè kọ réṣíò apá sí apá bí ìdá, a sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: yanrìn jẹ́ 2/4 òkúta, tí í ṣe ìdajì rẹ̀, sìmẹ́ńtì jẹ́ ìdajì yanrìn. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ bí a bá ti mọ̀ pé òkúta tàbí yanrìn ni a sọ di odindi nínú gbólóhùn yẹn. Oríṣi ìdá méjì ló ń jáde nínú réṣíò kan ṣoṣo, ọ̀kan ń fi apá wé apá, èkejì ń fi apá wé gbogbo rẹ̀, ìjà sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ ọ̀kan tí ẹnìkejì ń gbọ́ èkejì.

Láti padà sẹ́yìn, láti ìdá sí réṣíò, a ó yọ nọ́ńbà òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. Ìdámẹ́wàá jẹ́ 1/10; ọ̀kan kúrò nínú mẹ́wàá ku mẹ́sàn-án; 1:9 ni. Bí 3/8 àwọn ọmọ kíláàsì kan bá jẹ́ ọkùnrin, márùn-ún ló kù nínú mẹ́jọ, ọkùnrin sí obìnrin sì jẹ́ 3:5.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po tàbí kí ẹ pín in, ẹ má fi kún un

Réṣíò àti ìdá jọ ní òfin kan tó ṣe pàtàkì: bí a bá fi nọ́ńbà kan náà sọ gbogbo apá di ìlọ́po, tàbí tí a fi í pín gbogbo apá, kò sí ohun tó yí padà. Bí 18/24 ṣe ń di 3/4 nígbà tí a bá fi mẹ́fà pín òkè àti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni 18:24 ṣe ń di 3:4. Ṣùgbọ́n bí a bá fi nọ́ńbà kan náà KÚN gbogbo apá, réṣíò ti bàjẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ dà bíi pé a ṣe dọ́gbadọ́gba.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí a ń da kọ́ńkéré sí òpó ilé mi, àdéhùn èmi àti bíríkìlà ni 1:2:4. Páànù ni wọ́n fi ń wọ̀n, báàgì sìmẹ́ńtì kan sì ń kún páànù méjì, nítorí náà báàgì kan yóò gba yanrìn páànù mẹ́rin àti òkúta páànù mẹ́jọ. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ń ka páànù bí àwọn lébírà ṣe ń dà á sílẹ̀. Yanrìn pé mẹ́rin, wọn kò dúró. Ó di mẹ́fà. Òkúta pé mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá. Mo pe bíríkìlà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, páànù méjì-méjì péré la fi kún un, ó ṣì bára mu."

Mo ṣá igi kékeré kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, páànù 2:4:8 ni, tó súnkì di 1:2:4, tí sìmẹ́ńtì jẹ́ 1/7. Nísinsìnyí, páànù 2:6:10 ni, tó súnkì di 1:3:5, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, tí sìmẹ́ńtì sì ti di 1/9. Láti mọ bí 1/7 àti 1/9 ṣe jìnnà síra tó, a ó wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kan náà fún wọn: 9/63 àti 7/63. Ó túmọ̀ sí pé, ibi tó yẹ kí báàgì mẹ́sàn-án bá iṣẹ́ lọ, méje péré ni yóò bá a lọ. Báàgì méjì nínú mẹ́sàn-án ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, láìsí ẹni tó jí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ló fẹ́ kí yanrìn di páànù mẹ́fà, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni yanrìn tó mú yẹn, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀: sìmẹ́ńtì páànù mẹ́ta, yanrìn mẹ́fà, òkúta méjìlá. Kì í ṣe pé réṣíò tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kéré kò wúlò o. Wọ́n ń lo 1:3:6 fún ibi tí kò ní gbé ẹrù púpọ̀. Òpó kì í ṣe irú ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ wá ohun tí ẹ kò mọ̀

Bí ẹ bá mọ iye apá kan, ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀. Ká ní yanrìn tó wà nílẹ̀ jẹ́ páànù mẹ́wàá, tí a sì fẹ́ lò ó tán lórí 1:2:4. Yanrìn jẹ́ ìwọ̀n méjì nínú réṣíò náà. Ìwọ̀n méjì jẹ́ páànù mẹ́wàá, nítorí náà ìwọ̀n kan jẹ́ páànù márùn-ún. Sìmẹ́ńtì yóò gba páànù márùn-ún, tí í ṣe báàgì méjì àti ààbọ̀, òkúta yóò sì gba ogún páànù. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò ju pé mo wá iye ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ. Ọ̀nà yìí kì í jáni kulẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí a máa fa ìlà àgbélébùú láàárín ìdá méjì, èyí tí àwọn ọmọ máa ń kọ́ sórí láìmọ ìdí rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí nìkan kò lè sọ fún yín. Sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta tí gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n méje nígbà tí wọ́n gbẹ kì í jẹ́ ìwọ̀n méje mọ́ nígbà tí a bá pò wọ́n pọ̀ mọ́ omi, nítorí pé yanrìn máa ń wọnú àlàfo tó wà láàárín òkúta, sìmẹ́ńtì sì máa ń wọ àlàfo tó wà láàárín yanrìn. Àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ sábà máa ń kà á sí pé ohun gbígbẹ nǹkan bí kúbíìkì mítà 1.54 (kúbíìkì mítà kan ni àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kan-kan) ló ń di kọ́ńkéré tútù kúbíìkì mítà kan. Ìdá keje 1.54 jẹ́ 0.22, ìyẹn sì ni ti sìmẹ́ńtì. Tí a bá ka kúbíìkì mítà kan sìmẹ́ńtì sí kílò 1,440, ó máa jẹ́ nǹkan bí kílò 317, tí í ṣe báàgì mẹ́fà oní-50 kílò àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mú 1/7 nínú kúbíìkì mítà kan péré, láìrántí pé ó máa súnkì, yóò ra báàgì mẹ́rin, ọ̀sán gangan ni yóò sì máa sáré wá sìmẹ́ńtì kiri.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Pínpín owó, àti síso réṣíò méjì pọ̀

Láti pín owó ní réṣíò, ẹ ro àwọn nọ́ńbà pọ̀, ẹ fi àròpọ̀ náà pín owó, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ rí di ìlọ́po fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe rí. Nígbà mìíràn, réṣíò kì í wá lódindi. Àlàbí, Bọ́lá àti Kẹ́mi jọ dá òwò sílẹ̀; a mọ̀ pé owó Àlàbí sí ti Bọ́lá jẹ́ 2:3, ti Bọ́lá sí ti Kẹ́mi sì jẹ́ 4:5. Bọ́lá jẹ́ mẹ́ta níbì kan, ó jẹ́ mẹ́rin níbòmíràn, a kò sì lè so wọ́n pọ̀ àfi kó di nọ́ńbà kan. Ohun tí a ń ṣe fún ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn kò bára mu ni a óò ṣe: nọ́ńbà tó kéré jù tí mẹ́ta àti mẹ́rin jọ lè pín láìṣẹ́kù ni méjìlá. 2:3 di 8:12, 4:5 di 12:15, gbogbo rẹ̀ sì di 8:12:15. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 35. Bí èrè bá jẹ́ ₦700,000, ìwọ̀n kan jẹ́ ₦20,000, Àlàbí yóò gba ₦160,000, Bọ́lá ₦240,000, Kẹ́mi ₦300,000.

Ìgbésẹ̀ keje: Níbi tí ìdá àti réṣíò ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Ogún pínpín ni ibi tí mo ti rí i pé ìṣirò yìí ń dá ìjà sílẹ̀ jù, òun náà ló sì ń parí rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn bá lóye ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ló wà nínú àṣà Yorùbá. Ìdí-igi ń pín ogún sí iye ìyàwó tó bímọ fún un, ìdí kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọgbọọgba. Orí-ò-jorí ń pín in sí iye orí àwọn ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìkẹyìn nígbà náà, ní London ní 1962, ìdájọ́ náà fara mọ́ ọn pé ìdí-igi ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí awuyewuye bá wà lórí ìpín.

Ká ní ogún náà jẹ́ ilé tí a tà ní ₦24,000,000, tí ìyàwó mẹ́ta sì bí ọmọ kan, ọmọ méjì, àti ọmọ márùn-ún. Lórí ìdí-igi, réṣíò ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 1:1:1, kálukú gba 1/3, tí í ṣe ₦8,000,000. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyá àkọ́kọ́ gbé ₦8,000,000 lọ. Àwọn méjì ti ìyá kejì gba ₦4,000,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún ti ìyá kẹta gba ₦1,600,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdá tí ọmọ ìyá kẹta kan ní nínú odindi jẹ́ 1/5 nínú 1/3. Ìdá nínú ìdá, a máa ń sọ òkè di ìlọ́po òkè, a ó sì sọ ìsàlẹ̀ di ìlọ́po ìsàlẹ̀: 1/15. Lórí orí-ò-jorí, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n, kálukú gba 1/8, tí í ṣe ₦3,000,000, réṣíò ohun tó wọ ìdí kọ̀ọ̀kan sì di 1:2:5. Ẹ fi 1/15 wé 1/8, ẹ ó mọ ìdí tí ọmọ ìyá kẹta fi ń pariwo orí-ò-jorí. Ẹ fi 1/3 wé 1/8, ẹ ó mọ ìdí tí ọmọ ìyá àkọ́kọ́ fi ń sọ pé àṣà ni kí a tẹ̀ lé.

Nínú ìdílé mùsùlùmí tó ń pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù, ìdá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kí réṣíò tó wọlé. Bí ọkùnrin kan bá kú tó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, tí a sì ti san gbèsè, ìnáwó ìsìnkú àti ohun tó sọ pé kí a fún ẹlòmíràn, ìyàwó ni yóò gba 1/8. Ohun tó kù jẹ́ 7/8, èyí tí àwọn ọmọ yóò pín ní 2:1, ọkùnrin sí obìnrin. Ẹ má ṣe fi mẹ́ta pín in nítorí pé ẹ rí 2:1. Orí ọmọ ni kí ẹ kà. Ọkùnrin méjì ní ìwọ̀n méjì-méjì, obìnrin mẹ́ta ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méje. Ìdá keje 7/8 jẹ́ 1/8. Nínú ₦24,000,000, ìyàwó gba ₦3,000,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦3,000,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦6,000,000, bí ẹ bá sì rò wọ́n pọ̀, owó náà pé.

Ẹ yí i padà fúnra yín: ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, owó kan náà. Ẹ yọ 1/8, ẹ wo iye ìwọ̀n tí 2:1 jẹ́ nígbà tí ọmọ bá jẹ́ méjì péré, kí ẹ sì wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kan tí ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ ní. Bí ẹ bá rí 3/24, 14/24 àti 7/24, ẹ gbà á.